Páìpù ni kí ẹ kọ́kọ́ rì sínú ògiri: bí a ṣe ń fa wáyà nẹ́tíwọ̀kì yí ilé ká

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kọ́ sí Akóbọ̀ n'Ìbàdàn, yàrá mẹ́rin, pálọ̀ méjì. Wọ́n ti rẹ́ ẹ, wọ́n ti kùn ún, wọ́n ti lẹ táìsì, kí wọ́n tó rántí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn tó fa fáíbà wá gbé àpótí wọn sí pálọ̀ ìsàlẹ̀, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Ní pálọ̀ yẹn, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n nínú yàrá òkè tó wà lẹ́yìn, níbi tí ọkọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, ìpè fídíò kì í lọ ìṣẹ́jú márùn-ún kó tó já. Wọ́n ra ráútà kejì. Wọ́n ra ẹ̀kẹta. Nígbà tí wọ́n fi máa pè mí, kò sí ọ̀nà mìíràn ju kí a gbé ṣísù àti òòlù ti ògiri tí ọ̀dà rẹ̀ ṣì ń rùn. Ojú ẹ̀gbọ́n mi lọ́jọ́ náà kò ṣeé wò.

Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni wáyà fífà, mo sì fẹ́ kí ẹni tó ń kọ́lé lọ́wọ́ ka èyí kí bíríkìlà tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nígbà tí ilé ṣì wà ní búlọ́ọ̀kù gbalasa, owó páìpù ò tó nǹkan rárá lára owó ilé. Tí wọ́n bá ti rẹ́ ẹ tán, ẹ ó san owó ẹni tó máa fọ́ ọ, owó ẹni tó máa dí i, àti owó ẹni tó máa tún un kùn.

Ìdí tí Wi-Fi nìkan kì í fi í tó nílé wa kò fara sin. Búlọ́ọ̀kù ínṣì 9 àti símẹ́ńtì la fi ń kọ́lé, dẹ́kì sì kún fún irin. Ilé onípákó tó pọ̀ ní Amẹ́ríkà, Wi-Fi máa ń gba ara ògiri rẹ̀ kọjá dáadáa. Ògiri tiwa ń gbé e mì ni. Ìgbì 5 GHz tó yára jù náà ló tètè máa ń kú sára ògiri. Ti 2.4 GHz máa ń wọlé jù ú lọ, àmọ́ kò yá tó o, gbogbo ará àdúgbò ló sì jọ ń pín in lò. Ohun tó dáa ni kí wáyà gbé íntánẹ́ẹ̀tì dé ẹ̀gbẹ́ ibi tí ẹ ti fẹ́ lò ó, kí Wi-Fi wá gbà á níbẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ rìn yí ilé ká

Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ mú bébà àti pẹ́ńsù, kí ẹ máa wọ yàrá kan bọ́ sí òmíràn. Ibo ni tẹlifíṣọ̀n máa wà? Ta ló máa gbé tábìlì iṣẹ́ síbo? Kámẹ́rà mélòó lẹ fẹ́ gbé kọ́ ìta, èwo nínú wọn ló máa dojú kọ géètì? Lẹ́yìn náà, ẹ sàmì sí àárín àjà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè àti ti ìsàlẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni àpótí Wi-Fi ti máa ń ṣiṣẹ́ jù: ó ga ju fíríìjì àti wọ́dúróòbù lọ, kò sí ohun tó dí i lójú.

Níbi àmì kọ̀ọ̀kan, ẹ fa wáyà méjì. Àwọn oníbàárà mi máa ń rò pé mo kàn fẹ́ kí wọ́n náwó ni. Ṣùgbọ́n wáyà méjì tí a fà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kò gba àkókò ju ẹyọ kan lọ. Tí ọ̀kan bá bàjẹ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, èkejì wà níbẹ̀.

Gbogbo wáyà yìí gbọ́dọ̀ padà pàdé lójú kan, bí ẹyọ ìgbálẹ̀ ṣe ń pàdé nídìí. Ibi tí àwọn oníná wa ti máa ń ṣìnà nìyẹn, kì í sì í ṣe ẹ̀bi wọn. Ó ti mọ́ wọn lára láti fa iná láti sọ́kẹ́ẹ̀tì kan bọ́ sí èkejì, kí èkejì tún bọ́ sí ẹ̀kẹta. Wáyà nẹ́tíwọ̀kì kì í rí bẹ́ẹ̀. Wáyà kọ̀ọ̀kan ló máa dá rin ọ̀nà tirẹ̀ láti ìdí dé yàrá, láìsí ojú ìsopọ̀ kankan láàárín. Ẹ sọ ọ́ fún oníná yín ní àsọtúnsọ, kí ẹ sì yà á sórí bébà fún un.

Ibo ni kí ìdí yẹn wà? Níbi tó gbẹ, tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, tó sún mọ́ ínfátà, tí ènìyàn lè nàró síbẹ̀ kó ṣiṣẹ́. Kì í ṣe ilé ìdáná, kì í ṣe ìdí balùwẹ̀. Yàrá ìkẹ́rùsí kékeré tàbí igun ọ̀dẹ̀dẹ̀ máa ń dáa. Ẹ rántí kí páìpù kan ti ìta wọ ibẹ̀ fún fáíbà, kí àwọn tó ń bọ̀ wá fa á má baà fi dírílì lu ògiri níbi tó bá wù wọ́n.

Wáyà tí ẹ ó rà

Irú wáyà nẹ́tíwọ̀kì tó ń jẹ́ Cat6 ni kí ẹ rà, ojúlówó bàbà. Cat5e, irú tó ṣáájú rẹ̀, náà lè gbé 1 Gbps (Gbps ni a fi ń wọn bí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe ń yára tó; 1 Gbps jẹ́ 1000 Mbps) dé 100 mítà, nítorí náà tó bá jẹ́ òun ló ti wà nínú ilé yín, ẹ má yọ ọ́. Àmọ́ ilé tuntun ni à ń sọ, Cat6 sì lè gbé 10 Gbps tí ọ̀nà rẹ̀ kò bá ju 55 mítà lọ. Kò sí ilé onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí ọ̀nà inú rẹ̀ máa gùn tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ bàbà yìí, torí ibẹ̀ lowó ti ń ṣòfò jù. Wáyà kan wà lọ́jà tó jẹ́ pé alumíníọ̀mù ni inú rẹ̀, bàbà fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi bò ó lára. Páálí rẹ̀ dára, wọ́n kọ Cat6 gàdàgbà sí i, owó rẹ̀ sì dínkù. Ẹ má gbé e lọ sílé láìyẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ ní kí wọ́n gé díẹ̀ fún yín, kí ẹ bó o, kí ẹ fi ẹnu abẹ ha ọ̀kan nínú àwọn wáyà tín-ín-rín inú rẹ̀. Tí ó bá pọ́n dé inú, bàbà ni. Tí funfun bá yọ lábẹ́ pípọ́n yẹn, alumíníọ̀mù ni. Ẹ tún lè tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn: alumíníọ̀mù máa ń tètè kán. Páálí rẹ̀ náà máa ń fúyẹ́ lọ́wọ́. Ohun tó burú nínú rẹ̀ ni pé kì í gbé iná dáadáa, kámẹ́rà tó ń gba iná láti inú wáyà nẹ́tíwọ̀kì kò ní rí iná tó, wáyà náà á sì máa gbóná nínú ògiri níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè rí i.

Páálí kan jẹ́ 305 mítà. Ẹ ṣírò rẹ̀ báyìí: ibi mẹ́jọ, wáyà méjì-méjì, 16 nìyẹn, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá gba bíi 15 mítà, 240 mítà ni. Páálí kan tó, á sì ṣẹ́kù. Ẹ má gbàgbé láti fi gíga ògiri kún ìwọ̀n yín, nítorí wáyà máa gun òkè, á sì tún sọ̀ kalẹ̀.

Àwọn yòókù kò le: àwo ẹnu ògiri tó ní ihò nẹ́tíwọ̀kì, irin tí a fi ń tẹ wáyà sínú rẹ̀, orí wáyà RJ45 díẹ̀, ẹ̀mú tí a fi ń tẹ̀ ẹ́, tẹ́sítà, àti swíìṣì onígígà (1 Gbps) tó ní ihò 16, ìyẹn àpótí tó ń pín nẹ́tíwọ̀kì sí gbogbo wáyà, kì í ṣe swíìṣì iná. Ẹ lè rí gbogbo rẹ̀ rà ní Computer Village n'Ìkẹjà. Wáyà kúkúrú tó máa ti ara ògiri bọ́ sára kọ̀ǹpútà, ẹ ra èyí tí wọ́n ti ṣe tán. Wáyà inú ògiri le gan-in, kò fẹ́ kí a máa tẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́.

Páìpù

Bí ẹ ò bá ṣe ohun mìíràn nínú gbogbo èyí tí mo kọ, ẹ ṣe èyí. Wáyà tó wà nínú páìpù ṣeé fà yọ, kí a fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Èyí tí wọ́n fi símẹ́ńtì lẹ̀ mọ́ ògiri ti di ara ilé.

Páìpù 25 mìlímítà ni mo máa ń lò. Ó máa gba wáyà mẹ́rin pẹ̀lú ìrọ̀rùn. Ti 20 mìlímítà, wáyà méjì ni kí ẹ fi mọ. Ènìyàn lè rọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ sínú rẹ̀, àmọ́ nígbà tí ẹ bá fẹ́ fà á, ọwọ́ yín á sọ fún yín.

Tí ilé bá ní dẹ́kì, ẹ gbọ́dọ̀ so páìpù mọ́ irin kí wọ́n tó da kọnkéré. Ẹ fi ọ̀rá di ẹnu rẹ̀ méjèèjì, kí ẹ fi téèpù wé e le, kí ẹ sì wà níbẹ̀ fúnra yín lọ́jọ́ tí wọ́n ń da á. Àwọn tó ń ru kọnkéré máa ń kánjú, ẹsẹ̀ wọn a gun páìpù, ojú ìsopọ̀ a já, símẹ́ńtì a sì wọ inú rẹ̀. Ìgbà tí ẹ bá fẹ́ fa wáyà ní oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ẹ ó tó mọ̀.

Nínú ògiri, kí igun má ṣe pọ̀. Igun méjì láàárín àpótí kan sí èkejì tó. Ẹ má lo ẹ́líbò tó ṣẹ́ gbọn-in bíi ti omi. Ẹ fi sípíríǹgì tẹ páìpù náà kí ó rọra yí. Kí ẹ sì ti fi okùn ọ̀rá sínú rẹ̀ sílẹ̀ láti ẹnu kan dé èkejì. Okùn yìí ni yóò fa wáyà àti okùn kejì wọlé, kí okùn kejì yẹn máa wà níbẹ̀ fún ọjọ́ mìíràn.

Iná àti nẹ́tíwọ̀kì kò gbọ́dọ̀ jọ wà nínú páìpù kan. Oníná á sọ fún yín pé ààyè ṣì wà nínú tòun. Ẹ kọ̀. Bí wáyà iná bá bó nínú páìpù yẹn, 230 fóòtì lè gba ara wáyà nẹ́tíwọ̀kì dé ara kọ̀ǹpútà tí ọmọ yín gbé lé ẹsẹ̀. Yàtọ̀ sí ewu yẹn, iná máa ń da nẹ́tíwọ̀kì láàmú tí àwọn méjèèjì bá ń sáré lọ pọ̀. Ẹ fi ẹsẹ̀ bàtà kan, ìyẹn bíi 30 sẹ̀ǹtímítà, sáàárín wọn. Níbi tí wọ́n bá ti gbọ́dọ̀ kọjá lára ara wọn, kí wọ́n dábùú ara wọn bí àgbélébùú.

Fífà á wọlé

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti rẹ́ ògiri tán, tó ti gbẹ, kí ọlọ́dà tó dé, ni kí ẹ fa wáyà. Ẹni méjì ló ń ṣe é: ọ̀kan ń tì í láti ìhín, ọ̀kan ń fa okùn lọ́hùn-ún, kí wọ́n máa pe ara wọn. Kí ẹ tó fà á rárá, ẹ lẹ nọ́ńbà mọ́ orí rẹ̀ méjèèjì. Mo ti bá ilé kan pàdé tí wáyà 14 yọ orí jáde ní ìdí, tí ẹnikẹ́ni kò mọ èwo ló ń lọ síbo. Odindi ọ̀sán kan la fi wá a.

Ẹ má fà á pẹ̀lú agbára. Ìwúwo kílò 11 ni ó lè gbà, bí ẹ bá fà á jù bẹ́ẹ̀ lọ, lílọ́ inú rẹ̀ á tú. Bí ó bá kọ́, ẹ fà á padà díẹ̀, ẹ wò ó, ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Níbi tó bá ti máa tẹ̀, kí ó yí bí ẹnu ife, kí ó má ṣe ká bí bébà. Ẹ ṣẹ́ 30 sẹ̀ǹtímítà kù sí ẹnu ògiri, kí ẹ sì ṣẹ́ mítà méjì kù sí ìdí.

Ẹ má ya ìbejì

Ẹ bó awọ ìta tó 3 sẹ̀ǹtímítà. Wáyà tín-ín-rín mẹ́jọ lẹ ó rí níbẹ̀, wọ́n lọ́ wọn mọ́ra ní méjì-méjì. Ìbejì mẹ́rin ni wọ́n. Ọ̀kan nínú ìbejì ní àwọ̀ tirẹ̀ látòkè délẹ̀, èkejì funfun pẹ̀lú ìlà àwọ̀ kan náà. Bí a ṣe ń tò wọ́n láti ọwọ́ òsì nìyí, tí ìkọ́ orí RJ45 bá wà nísàlẹ̀, tí eyín wúrà rẹ̀ ń wo òkè, tí ẹ̀yìn rẹ̀ tí wáyà ń gbà wọlé sì kọjú sí yín:

1. funfun onílà ọsàn
2. ọsàn
3. funfun onílà ewé
4. búlúù
5. funfun onílà búlúù
6. ewé
7. funfun onílà búráùn
8. búráùn

Ìlànà yìí ni wọ́n ń pè ní T568B. Ọ̀kan wà tó ń jẹ́ T568A, òun náà dára, ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ni pé ìbejì ọsàn àti ìbejì ewé pààrọ̀ àyè. Ẹ mú ọ̀kan, kí ẹ sì lò ó jákèjádò ilé, ní orí méjèèjì.

Ẹ wo ihò 3 àti 6 dáadáa. Ìbejì ewé ló wà níbẹ̀, búlúù sì jókòó sáàárín wọn. Ojú tẹlifóònù àtijọ́ ni ètò yẹn ti wá: ihò méjì tó wà láàárín gan-an ni wáyà tẹlifóònù ń lò. Ó ń ṣe oníná ní kàyéfì. Ọ̀kan tí mo bá ṣiṣẹ́ pọ̀ rí tò wọ́n bó ṣe bá ojú mu: ọsàn méjèèjì, ewé méjèèjì, búlúù méjèèjì, búráùn méjèèjì. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ ní orí kejì pẹ̀lú. Tẹ́sítà tàn láti 1 dé 8, kò fo ọ̀kankan. Síbẹ̀, kọ̀ǹpútà tó wà lórí wáyà yẹn ń fà tìẹ̀tìẹ̀, nígbà mìíràn a já. A pààrọ̀ ráútà, a pààrọ̀ swíìṣì, kí n tó ṣí ẹnu ògiri.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé nẹ́tíwọ̀kì ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí ìbejì, ó ń lọ lórí ọ̀kan, ó ń bọ̀ lórí èkejì. Lílọ́ tí wọ́n lọ́ wọn mọ́ra ló ń pa ariwo tó bá fẹ́ wọ inú wọn. Ní ihò 3 àti 6, ọmọkùnrin yẹn ti mú ọmọ ìbejì ewé kan pẹ̀lú ọmọ ìbejì búlúù kan. Àwọn méjì tí wọn kò lọ́ mọ́ra rárá ló wá jọ ń ṣiṣẹ́. Tẹ́sítà olówó pọ́ọ́kú kò lè rí ìyẹn, ohun tó mọ̀ ni pé orí kan dé èkejì.

Ìdí kan náà ló fi jẹ́ pé lílọ́ tí ẹ máa tú níbi orí wáyà kò gbọ́dọ̀ ju 13 mìlímítà lọ, kó tó ìbú èékánná àtàǹpàkò. Ní ẹnu ògiri, ẹ má lo RJ45, ẹ tẹ wáyà sẹ́yìn ihò àwo náà. Wọ́n ti kun àwọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, A àti B. Ẹ tẹ̀ lé B.

Dídán an wò

Ẹ fi tẹ́sítà yẹ̀ ẹ́ wò, iná 1 dé 8 kí ó tàn ní tẹ̀léǹtẹ̀lé ní orí méjèèjì. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká lọ sí ihò kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wo iye tí ó bá swíìṣì sọ̀rọ̀ lé lórí. Ó yẹ kó jẹ́ 1000 Mbps, tàbí 1 Gbps. Tó bá sọ pé 100, ìbejì kan kò dé ibi tó ń lọ, nítorí 100 kò nílò ju ihò 1, 2, 3 àti 6 lọ, 1000 ló ń lo gbogbo mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Ẹ tún orí wáyà náà tẹ̀. Nínú ìrírí mi, orí wáyà ló máa ń jẹ́, kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ inú ògiri.

Ní ìdí

Fáíbà wọ inú àpótí rẹ̀, àpótí bọ́ sára ráútà, ráútà bọ́ sára swíìṣì, swíìṣì bọ́ sí gbogbo yàrá. Ráútà kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ máa pín àdírẹ́ẹ̀sì, ìyẹn nọ́ńbà tí a fi ń dá ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan mọ̀ lórí nẹ́tíwọ̀kì, nínú ilé. Àpótí Wi-Fi tí ẹ kọ́ sí àjà òkè, ẹ tò ó sí access point, ìyẹn kí ó kàn máa tan Wi-Fi ká, kí òun má ṣe pín àdírẹ́ẹ̀sì tirẹ̀. Bí méjì bá ń pín, fóònù á so mọ́ Wi-Fi, kò sì ní rí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ó máa bú ilé iṣẹ́ fáíbà lórí ohun tí wọn kò mọ̀ sí. Orúkọ kan náà àti ọ̀rọ̀ ìwọlé kan náà ni kí ẹ fún gbogbo Wi-Fi ilé. Lórí 2.4 GHz, ẹ gbé wọn sí ojú ìgbì (channel) 1, 6 tàbí 11, kí wọ́n má jọ wà lójú kan.

Tí ẹ bá ra swíìṣì tó ń fi iná ránṣẹ́ nínú wáyà, kámẹ́rà àti Wi-Fi àjà kò nílò sọ́kẹ́ẹ̀tì iná mọ́. Èyí tó wọ́pọ̀ ń fún ihò kọ̀ọ̀kan ní 15.4 wáàtì, ìyẹn tó fún ọ̀pọ̀ kámẹ́rà.

Ẹ so àpótí fáíbà, ráútà àti swíìṣì, gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mọ́ ínfátà. Wọn ò jẹ iná tó fáànù àjà kan. Mo ti rí ilé tí ráútà wà lórí ínfátà, tí àpótí fáíbà wà lórí iná NẸ́PÀ; tí wọ́n bá ti mú iná, Wi-Fi hàn lórí fóònù, kò sì sí nǹkankan nínú rẹ̀.

Ilé ẹ̀yìn àti géètì

Láti ilé ńlá lọ sí ilé àwọn ọmọ ọ̀dọ̀, ẹ má fa bàbà gba ìta tí ẹ bá lè fa fáíbà. Àrá ni mo ń bẹ̀rù. Kò dìgbà tó bá sán lu ilé yín. Bó bá sán sí tòsí, wáyà bàbà tó nà láàárín ilé méjì lè gbé agbára rẹ̀ wọlé, kí ó jó swíìṣì àti gbogbo ohun tó so mọ́ ọn. Dígí ni fáíbà, iná kì í gba ara rẹ̀ kọjá. Àpótí kékeré kan ní orí kọ̀ọ̀kan ló máa yí i padà sí wáyà nẹ́tíwọ̀kì. Fún kámẹ́rà tó wà lára ògiri ilé gan-an, wáyà dúdú tí oòrùn kì í jẹ ni kí ẹ lò.

Tí ilé bá ti parí

Nílé ẹ̀gbọ́n mi, a kò fọ́ ju ògiri kan lọ. A lu ihò kan gba dẹ́kì nínú igun wọ́dúróòbù, a yẹ̀ fún irin, a fa wáyà mẹ́rin gba ibẹ̀ lọ sókè, a sì gba òkè àjà pín wọn sí àwọn yàrá. Bí ilé bá jẹ́ ilẹ̀ẹ́lẹ̀, òkè àjà nìkan tó, kí ẹ sáà fi páìpù bo wáyà nítorí eku. Níbi tí kò bá sí ọ̀nà, ike fẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ìdí ògiri ṣeé lò, ẹ kùn ún ní ọ̀dà ògiri.

Iṣẹ́ kan ló kù fún ẹni tí ilé rẹ̀ ṣì wà ní búlọ́ọ̀kù. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí bíríkìlà máa bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́, ẹ gbé téèpù ìdíwọ̀n ti ògiri kọ̀ọ̀kan, kí ẹ ya fọ́tò páìpù pẹ̀lú nọ́ńbà téèpù náà kó hàn, láti ilẹ̀ àti láti igun. Ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ilẹ̀kùn àpótí tó wà ní ìdí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bébà tí ẹ kọ nọ́ńbà wáyà sí. Ẹni tó bá gbé dírílì wá láti kọ́ kọ́tìnnì, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ mú un lọ.